Ìkìlọ̀: Ẹ má fi alternator àtijọ́ yín ṣe pààrọ̀ ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Píjò 504 àti Ìjàpá, tí ẹ sì máa ń fọwọ́ ara yín tún alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣáàjì bátìrì ọkọ̀) ṣe, ẹ ṣọ́ra o. Ọkùnrin kan ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Adó-Èkìtì níbí. Bí ẹ bá lọ ra kábọ́ọ̀nù (tó ń gbé iná wọ inú ibi tó ń yí nínú alternator) àti bíárìn (irin róbótó tó ń jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ yí geere) lọ́dọ̀ rẹ̀, á ní kí ẹ má da ara yín láàmú, kí ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀, kí ẹ fowó díẹ̀ lé e, òun á fún yín ní tòkúnbọ̀ tó ń dán.

Ọ̀dà ló ń dán. Aládùúgbò mi gba ọ̀kan; iná bátìrì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kó tó dé Ìkẹ̀rẹ́. A jọ tú u. Bíárìn ẹ̀yìn ti jẹ, dáyóòdù tó ń darí iná ti jó. Mo fi ọ̀bẹ fá wáyà inú rẹ̀: bàbà fẹ́lẹ́ ló wà lókè, alumíníọ̀mù ni inú. Bẹ́ẹ̀ bàbà gidi ló kún inú èyí tó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kábọ́ọ̀nù lásán ló jẹ tán níbẹ̀! Ibi tí èrè ọ̀gá wà gan-an nìyẹn.

Ẹ̀tàn kan tún wà. Á ní kí ẹ yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, pé bí ọkọ̀ kò bá kú, ọjà dára. Ẹ má dán an wò láéláé. Iná lè ru sókè lójijì kó jó dáyóòdù, á wá ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ni kí ẹ fi wò ó. Bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, orí bátìrì yẹ kó wà láàárín fóòtì 13.8 sí 14.4. Bó bá dúró sí 12.6 tàbí tó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò ṣáàjì. Bó bá kọjá 15, rẹgulétọ̀ tí kì í jẹ́ kí iná pọ̀ jù ti bàjẹ́, á mú kí omi bátìrì yín máa hó.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fọwọ́ yí púlì (ibi tí bẹ́líìtì ń gbà yí i), kó má ha. Ẹ wo òrùka bàbà méjì tí kábọ́ọ̀nù ń fara kàn, kó má ní kòtò. Dáyóòdù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iná kọjá sí apá kan ṣoṣo. Ní ti bíárìn, ẹ mú èyí tí ẹ yọ dání lọ sọ́jà. Ẹ má gba nọ́ńbà ara páálí gbọ́, ara irin ni kí ẹ ti kà á. Bó bá jẹ́ 6203, ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 17, fífẹ̀ rẹ̀ láti etí dé etí 40, nínípọn rẹ̀ 12.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkùnrin yìí, kó tètè lọ gbà á kí wọ́n tó tú bàbà inú rẹ̀ tà.