Ẹ̀rọ atọpinpin: ti ọkọ̀ ni kí ẹ rà, àbí ti ara?

Ẹ̀rọ atọpinpin ló ń fi ibi tí ọkọ̀ tàbí èèyàn wà hàn. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ bátìrì ọkọ̀ dára gan-an fún ọkọ̀ tí olè jí. Ọ̀rọ̀ ajínigbé yàtọ̀. Evans, ògbólógbòó ajínigbé tí ọlọ́pàá mú ní Màgódò, l'Ékòó, ní oṣù kẹfà 2017, tí ilé ẹjọ́ Ìkẹjà sì rán lọ sẹ́wọ̀n gbére ní 2022, ilé kan ní Ìgándò ló ń kó èèyàn pamọ́ sí. Ojú ọ̀nà ni irú wọn sábà máa ń pa ọkọ̀ ẹni tì sí, torí náà ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kò ní fi ibi tí ẹni náà wà hàn.

Èyí kékeré tí wọ́n ń fi sára, tó ní bọ́tìnnì pàjáwìrì, ni mo fara mọ́ jù. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ẹbí méjì tàbí mẹ́ta sínú rẹ̀, kí ẹ máa ra dátà sórí síìmù rẹ̀ kó tó tán. Ibẹ̀ ló ti sábà ń kùnà. Abẹ́ aṣọ ni kó wà, kì í ṣe inú báàgì, torí báàgì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Nínú igbó tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì, kò lè ránṣẹ́ kankan.