Ẹ má ra "dàbínù grafted" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o! Ìkìlọ̀ fún ará Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà àti Ìsánlú

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní òun ń ta èèhù dàbínù. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Ọkùnrin kan ló ń polówó rẹ̀ lórí Facebook nígbà tí àwẹ̀ Ràmádáánì ku díẹ̀. Àwòrán tó gbé síbẹ̀, igi kúkúrú, èso so jìngbìnnì títí ó fi fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀. Ó ní Medjool, irú dàbínù ńláńlá yẹn, ni, ó ní grafted ni, ìyẹn ni pé wọ́n lọ́ ọ mọ́ igi mìíràn, ó ní gbogbo rẹ̀ pátá ló jẹ́ abo, pé tó bá fi máa di oṣù 18 a ó ti máa ká a jẹ. Ìyá mi kì í fi ohun mìíràn ṣínu tí dàbínù bá wà nílé. Mo ní kí n gbìn ín síwájú ilé wọn, kí ibòji wà, kí èso náà wà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Mo pè é. Ohùn rẹ̀ tutù bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó ń pè mí ní "màmá wa", ó ń béèrè bóyá ilẹ̀ wa ní yanrìn, ó ń béèrè bí oòrùn ṣe ń ràn síbẹ̀. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Èèhù kan, 15,000 náírà. Mo ra 10. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 150,000 náírà, láìka owó wébíìlì tí awakọ̀ tún gbà lọ́wọ́ mi ní gáréèjì. Owó iṣu ni o! Owó iṣu tí èmi fúnra mi dúró ti àwọn tó kọ ebè rẹ̀ nínú oòrùn!

Ẹrù dé, ọ̀rá dúdú kéékèèké, ewé méjì mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pè é, ó ní bí Medjool ṣe máa ń kéré níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n máa bu iyọ̀ díẹ̀ sídìí wọn kó lè tètè so. Mo bu iyọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bú mi o, bí ẹ bá gbọ́ bí ó ṣe ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀yin náà á bù ú.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló wá kí wa. Ó lóṣòó ti èèhù kan, ó fa ọ̀rá ya, ó rọra gbọn iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù. Ó dákẹ́. Ó ní, "Màmá, ẹ wá wo nǹkan." Èkùrọ́ ni! Èkùrọ́ tòun ti èèpo líle rẹ̀, gbòǹgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lára rẹ̀. Ọ̀pẹ ni! Ọ̀pẹ tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná wa, tí à ń fi àdá gé dànù, òun ni wọ́n tà fún mi ní 15,000! Nílẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní Kogi yìí! A tú gbogbo rẹ̀ wò. Méje jẹ́ ọ̀pẹ. Mẹ́ta yòókù, kóró dàbínù gígùn tó ní ojú ìlà láàárín ló wà nídìí wọn. Ìyẹn ni pé ẹnì kan ra dàbínù lọ́jà, ó jẹ ẹ́, ó tu kóró rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó wá fi gba owó lọ́wọ́ mi. Kóró ẹnu rẹ̀!

Ọmọ náà ní kò sí ohun tó ń jẹ́ dàbínù grafted. Igi tó bá jẹ́ ìran ọ̀pẹ kò ṣe é lọ́ mọ́ ara wọn bí a ṣe ń lọ́ máńgòrò àti ọsàn, torí abẹ́ èèpo rẹ̀ kò ní ohun tó máa so ó pọ̀. Dàbínù tó dára jẹ́ ọmọ tí ìyá igi bí sídìí ara rẹ̀, tí wọ́n gé, tàbí èyí tí wọ́n tọ́ ní yàrá ìwádìí. Èyí tí a fi kóró gbìn, nǹkan bí ìdajì á jẹ́ akọ, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n títí yóò fi yọ òdòdó lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Akọ kì í so, bí ìbẹ́pẹ akọ. Ọmọ ìdí igi gan-an máa ń lo ọdún 4 tàbí 5 kó tó so dáadáa. Oṣù 18 ń kọ́? Irọ́ pọ́ńbélé!

Mo pe olè náà padà. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Mo tún pè, ó ní iyọ̀ tí mo bù ló ba èèhù òun jẹ́. Iyọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ní kí n bù! Lẹ́yìn náà ó bulọ́ọ̀kù mi. Mo máa ń bi ara mi lóru pé kí ló dé tí mi ò kọ́kọ́ pe ọmọ yẹn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo jalè. Ní tèmi, gbogbo àwọn tó ń ta èèhù lórí fóònù, bákan náà ni wọ́n rí. Aládùúgbò wa ra àgbọn arárá, ó ti ga ju òrùlé lọ. Ẹni tó bá jẹ́ olóòótọ́ nínú wọn, kó má bínú sí mi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kó bínú sí.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbìn ín: ẹ má sanwó láìfojú rí i, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ wò kí ẹ wo ohun tó wà nídìí rẹ̀. Tó bá ti dàgbà díẹ̀, ewé dàbínù máa ń ká kọjú sókè, ti ọ̀pẹ ká kọjú sílẹ̀. Àwọn ewé tó wà nísàlẹ̀ imọ̀ dàbínù di ẹ̀gún. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ NIFOR, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀pẹ, wọ́n ní ibùdó dàbínù ní Dutse, ìpínlẹ̀ Jigawa. Ẹ sì rántí pé òjò wa níbí pọ̀ ju tiwọn lọ, èso tí òjò bá bá níbi tó ti ń pọ́n máa ń jẹrà. Olè yẹn kò sọ ìyẹn rárá.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí èmi àti ẹ̀ bá ara wa kọ àti rìsíìtì owó ṣì wà lórí fóònù mi. Ẹni tó bá ti sanwó fún irú ọkùnrin yìí, yálà ní Ẹ̀gbẹ̀ ni tàbí ní Lọ́kọ́ja, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kó má sì pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Mo fẹ́ kí a pọ̀ kí a tó dé àgọ́ ọlọ́pàá.