Methimazole tí à ń fi pa etí ológbò: bó ṣe ṣiṣẹ́ fún tèmi

Bí ológbò tó ti lé ní ọdún 10 bá ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ síbẹ̀ tó ń rù, ẹ má ṣe sọ pé ọjọ́ ogbó ló fà á. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára tèmi nìyẹn. Ó ń ké lóru, ó ń mu omi ṣáá, irun rẹ̀ rí jákujàku, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkìkì. Dókítà ẹran tẹ ọrùn rẹ̀, ó bá kókó kékeré kan níbẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì fi hàn pé họ́mọ̀nù T4 ti pọ̀ jù. Táírọ́ìdì tó wú, ìyẹn ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń ṣe họ́mọ̀nù yìí, ló ń tú u jáde láìsinmi. Inú mi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé irú kókó bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ.

Methimazole oníhóró, oògùn tó ń dín họ́mọ̀nù náà kù, la kọ́kọ́ lò, ṣùgbọ́n ṣe ló ń bì í. Dókítà wá fún wa ní onípàra. Methimazole kan náà ni, etí ló kàn ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀.

Màá wọ ìbọ̀wọ́, màá fọn ìwọ̀n tí dókítà kọ látinú sírínjì sórí ìka, màá sì fi ra inú etí níbi tí kò nírun: ọ̀tún láàárọ̀, òsì lálẹ́. Kí n tó fi òmíràn sí i, màá fi òwú tútù nu èyí tó ti gbẹ, kó má bàa dí tuntun lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbọ̀wọ́ ṣeré o! Oògùn náà ń wọ ara èèyàn, kí aboyún má sì fọwọ́ kàn án rárá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, torí pé ó lọ́ra ju oníhóró lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí T4 tó wálẹ̀. Àmọ́ èébì náà dáwọ́ dúró, ara rẹ̀ sì ń padà bọ̀ sípò. Bí tiyín bá ń họ ojú lemọ́lemọ́, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ pe dókítà.

Abẹ́rẹ́ áyódìn onítànṣán, èyí tó ń fi ìtànṣán pa ibi tó wú lára táírọ́ìdì, lè wo ọ̀pọ̀ ológbò sàn pátápátá, ṣùgbọ́n kíndìnrín ológbò mi ò lágbára mọ́. Àìsàn yìí máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rọ́ lọ sí kíndìnrín, kò sì ní jẹ́ kí àbùkù rẹ̀ hàn. Bí T4 bá wálẹ̀ ló máa ń yọjú. Ìpara ṣeé dín kù nígbàkígbà, abẹ́rẹ́ ò ṣeé dá padà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń yẹ T4 àti kíndìnrín wò pọ̀ lójú kan náà, tó sì ti dín ìwọ̀n tiwa kù báyìí.