Mọ́lídìn Ògiri: Èyí Tó Le, àti Èyí Tí Èékánná Ń Wọ̀

Kẹ́ni tó ń kánjú lè tètè gbọ́ tiẹ̀ kó máa lọ: mọ́lídìn polyurethane, ìyẹn irú ike kan tó fúyẹ́, tá a lẹ̀ sára ògiri pálọ̀ àti kọ́rídọ̀ wa, máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ti fóòmù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tá a rà mọ́ ọn, tó bá jẹ́ òkè lọ́hùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà, ó gba mẹ́ta, àmọ́ tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ débi tọ́wọ́ ọmọdé ti lè kàn án, ẹ jọ̀ọ́, òdo ni. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kéèyàn fi lẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, mò ń bọ̀ síbẹ̀.

Fẹ́ni tí ò bá tíì mọ nǹkan tí mò ń sọ, àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ oníṣẹ́ ọnà yẹn ni, tí wọ́n fi ń ya férémù onígun mẹ́rin sára ògiri, tàbí tí wọ́n ń fà láti kọ̀rọ̀ kan dé ìkejì láti pín ògiri sí òkè àti ìsàlẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi ń bo ibi tí ògiri ti pàdé àjà. Àtúnṣe ilé la wà lẹ́nu ẹ̀, wọ́n ti fa wáyà tuntun, wọ́n ti rẹ́ ògiri tán ó sì ti gbẹ, ọ̀dà ló kù, ni mo bá sọ pé mi ò lè rójú gbogbo wàhálà yìí tán kí n wá lọ jókòó sí pálọ̀ tó funfun báláú bí ọsibítù. Bàbá àwọn ọmọ ní ṣé ọ̀ṣọ́ ló wá kàn báyìí. Mo ní òun gan-an ló kàn.

Oríṣiríṣi ló wà lọ́jà, wàhálà ibẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti kun gbogbo ẹ̀ ní funfun tán, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ lójú, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Igi gidi wà, ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n igi a máa wú tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, a sì máa súnkì tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojúùpàdé ọ̀pá méjì máa là nígbà tó bá yá. MDF wà, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán igi kíkúnná àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ó tẹ́jú dáadáa, kì í wọ́, àmọ́ òun àtomi ò rẹ́, tómi bá ti wọ ìdí ẹ̀ ó máa wú nìyẹn, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Ojú ibi tí wọ́n bá ti gé e náà máa ń mu ọ̀dà láìyó, àfi kẹ́ ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ dí i kẹ́ ẹ sì fi sáńpépà rà á kó tó dán. Eruku ẹ̀ ńkọ́? Ìta ni kí wọ́n ti gé e, kẹ́ni tó ń gé e sì bo imú ẹ̀ dáadáa. Ti POP náà wà, ọnà tiẹ̀ ṣì ni baba gbogbo wọn lójú tèmi, iná ò sì lè ràn án, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì fẹ́ ẹni tó mọṣẹ́ dénú. Èyí tí wọ́n ń bó ẹ̀yìn ẹ̀ bíi sítíkà, mi ò ní fi tiẹ̀ gbà yín lákòókò.

Polyurethane la mú. Ó fúyẹ́ débi pé èèyàn kan lè dá gbé ọ̀pá mítà méjì sókè kó má mí hẹlẹ, omi kì í wọ̀ ọ́, ikán ò rí nǹkan jẹ nínú ẹ̀, wọ́n sì ti kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Polystyrene ni ìkejì ẹ̀, òun náà pín sí méjì: ọ̀kan le, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ gidi, ìkejì ni fóòmù tí wọ́n fi ń ká tẹlifíṣọ̀n mọ́ nínú páálí yẹn gan-an, wọ́n kàn ya ọnà sí i lára. Èyí tó le nínú ti polystyrene yẹn dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àwọn míì tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ ju polyurethane lọ. Ti fóòmù yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má wulẹ̀ bi ẹni tó ń tà á, èékánná àtàǹpàkò yín ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Tó bá wọlé, tójú ibẹ̀ ò sì padà, òkè àjà lẹ́ ẹ máa lò ó sí nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó débi tí àga lè gbún un. Èyí tá a lẹ̀ sí yàrá àwọn ọmọ, mọ́tò ìṣeré ló fi gbogbo ara ẹ̀ ṣe ojú ọ̀nà, ó sì ti ní kòtò kí ọ̀dà ẹ̀ tó gbẹ tán. Gbogbo wọn pátá, polyurethane o, polystyrene o, ni iná lè ràn, torí náà kò sí nǹkan tó ń wá lọ sẹ́yìn sítóòfù.

Ẹ ra àlékún o, bí ìdá mẹ́wàá ohun tẹ́ ẹ wọ̀n, kẹ́ ẹ sì rà á lẹ́ẹ̀kan náà, torí èyí tí wọ́n bá ṣe lọ́tọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ibi tí wọ́n bá sì ti pàdé lẹ máa rí i.

Iṣẹ́ gan-an, nínú ìwọ̀n ló wà. Èmi rò pé lílẹ̀ ló máa le, kò le rárá, ìṣirò ni. Férémù mẹ́rin la fẹ́ sára ògiri tó gùn jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ògiri jẹ́ 400 sẹ̀ǹtímítà, ẹ sì fẹ́ àlàfo 10 sẹ̀ǹtímítà láàárín férémù kan sí ìkejì àti ní ìpẹ̀kun méjèèjì, àlàfo márùn-ún nìyẹn o, kì í ṣe mẹ́rin. Yọ 50 nínú 400, ó ku 350, pín in sọ́nà mẹ́rin, férémù kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ ní 87.5. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi téèpù bébà tí àwọn pẹ́ńtà ń lò ya gbogbo ẹ̀ sára ògiri kẹ́ ẹ tó gé ohunkóhun, kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ kó sùn níbẹ̀. Ìgbà tá a fi téèpù yà á la rí i pé súwíìṣì máa bọ́ sórí ọ̀pá kan, tó jẹ́ pé ìdajì ẹ̀ á wà nínú férémù, ìdajì á wà níta. A mú àlàfo yẹn wọlé díẹ̀ fún gbogbo férémù, ọ̀rọ̀ parí. Tó bá jẹ́ pé a ti lẹ̀ ẹ́ ni, ká tún máa pe oníná padà nìyẹn.

Ti ọ̀pá tó ń la ògiri kọjá gbọọrọ, ìjà wà lórí ẹ̀. Bàbá wọn ní àárín gbùngbùn ni kó wà, ìdajì lókè, ìdajì nísàlẹ̀, pé ìyẹn ló bójú mu. Kò bójú mu o, ńṣe ló ń gé yàrá sí méjì tí àjà á sì dà bí ohun tó ń bọ̀ wá sórí ẹni. Ìdá kan nínú mẹ́ta gíga ògiri láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi sí, yàrá tí gíga ẹ̀ bá jẹ́ mítà 2.7, 90 sẹ̀ǹtímítà nìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé ló wà láàárín 80 sí 90. A fi téèpù ya ti méjèèjì ó wò ó fúnra ẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ má wọn gíga yẹn láti ilẹ̀ níbi gbogbo o, torí ilẹ̀ ilé kì í tẹ́jú tán. Ojú kan péré ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ wá fi lẹ́fẹ̀lì tàbí iná lésà fa ìlà yípo yàrá.

Gígé férémù ò ṣòro, àpótí ìgé oníke, èyí tó ní ojú ìgé tí ayùn ń gbà kọjá, àti ayùn tí eyín ẹ̀ kéré ti tó, dígírì 45 ni wọ́n ń gé orí ọ̀pá sí ní gbogbo igun ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ọ̀pá méjì tó dojú kọra wọn gbọ́dọ̀ gùn bákan náà gẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá sì to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ tán ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun ní ìdábùú, lápá méjèèjì, tí kò bá dọ́gba, férémù yẹn wọ́ nìyẹn. Ilẹ̀ la ti lẹ igun tiwa pọ̀, ó gbẹ tán ká tó gbé e sókè lódindi, ìyẹn dùn ún ṣe torí ó fúyẹ́, mi ò rò pé màá dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú MDF.

Ibi tí ẹjọ́ wà ni igun ilé fúnra ẹ̀. Káfíńtà tó kọ́kọ́ bá wa ṣe é jókòó sílẹ̀ ó gé gbogbo ọ̀pá ní 45, kò wo ògiri, ó gbé wọn sókè, àlàfo tó wà níbẹ̀ gba owó ẹyọ. Ó ní, "Màmá, ẹ má yọnu, ọ̀dà á bò ó." Ọ̀dà wo? Igun ilé kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ 90. Tẹ́ ẹ bá fi ohun ìwọ̀n igun wò ó tó jẹ́ 92, ẹ yọ ọ́ nínú 180, ó ku 88, ẹ pín in sí méjì, 44 lẹ máa fi ayùn sí. Ìdá díẹ̀ yẹn ló ń ya iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n sí ti ẹni tó ń sáré. Ẹni kejì tó wá, ajákù ọ̀pá ló kọ́kọ́ gé méjì méjì, ó ń fi dán igun kọ̀ọ̀kan wò kó tó fọwọ́ kan ojúlówó, inú mi dùn sí i débi pé mo gbé àga fún un.

Ó yá, gọ́ọ̀mù. Ara túúbù ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sídìí fún ìṣó. Bó bá jẹ́ pé ògiri tẹ́ gẹ́ẹ́rẹ́, òótọ́ ni. Ògiri tiwa láwọn ibi tó wú díẹ̀, ọ̀pá gígùn sì máa ń fẹ́ ṣí kúrò níbi tó bá ti kòtò, torí náà a kan ìṣó tín-ín-rín méjì mẹ́ta sí i láti fi dì í mú títí tí gọ́ọ̀mù fi gbẹ, a sì dí ojú ihò ẹ̀. Ti férémù kéékèèké, téèpù ló dì í mú mọ́jú. Ẹ fọ eruku ara ògiri kúrò, èyí tó bá láwọ̀ ọ̀dà tó ń bó kẹ́ ẹ họ ọ́ dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gọ́ọ̀mù á di ọ̀dà mú dáadáa, ọ̀dà ni ò ní di ògiri mú. Tó bá jẹ́ polystyrene, ẹ ka ara gọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù olóòórùn líle tí wọ́n fi ń lẹ bàtà yẹn máa jẹ ẹ́ wọnú ni. Ọ̀dà tí wọ́n fi tínà pò àti èyí tí wọ́n ń fọ́n láti inú agolo náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, ọ̀dà tí wọ́n fi omi pò ni kẹ́ ẹ lò. Polyurethane ò ṣe irú àṣejù yẹn, ṣùgbọ́n ó ní gọ́ọ̀mù tiẹ̀ lọ́tọ̀ tí wọ́n fi ń so orí ọ̀pá méjì pọ̀, ẹ má fi èyí tí wọ́n fi ń lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ògiri dípò ẹ̀, torí polyurethane ń fẹ̀ nínú ooru ó sì ń súnkì tí òtútù bá dé, orí tí wọn ò bá lẹ̀ dáadáa á là. Nítorí ìyẹn náà, ẹ jẹ́ kó sùn nínú yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ lò ó sí kẹ́ ẹ tó gé e.

Ìlà tó ṣẹ́ kù láàárín ọ̀pá àti ògiri, kọ́ọ̀kì, ohun rírọ̀ inú túúbù tí wọ́n fi ń dí àlàfo, ni wọ́n fi ń dí i, ti akírílíìkì. Kì í ṣe sìlíkóònù! Sìlíkóònù ò gba ọ̀dà, ọ̀dà á kàn máa sá lórí ẹ̀ ni, ẹ ò sì ní lè yọ ọ́ tán mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tín-ín-rín, ẹ fi ìka tútù fà á, tó bá gbẹ tó sún wọlé ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Lójú tèmi, ibí yìí ló ti di ara ilé. Kó tó dìgbà yẹn, ó kàn jọ pé ẹnì kan lọ lẹ nǹkan mọ́ ògiri ni.

Ti àwọ̀, ọ̀dà kan náà la fi kun ògiri àti mọ́lídìn nínú pálọ̀, òjìji ara ẹ̀ nìkan ló ń fi ọnà hàn, ó sì bo àwọn ibi tí ò dọ́gba mọ́lẹ̀. Ní kọ́rídọ̀ a fi funfun sórí búlúù, ó wuyì ju ti pálọ̀ lọ, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ojúùpàdé lẹ máa kà. Máàkì kan tí mo yọ, eruku ni. Gbogbo orí ọ̀pá yẹn ló ń gba eruku, aṣọ ò sì wọ inú ọnà ẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni mo fi ń gbá a, ẹni tí kò bá lágbára ìyẹn kó mú èyí tí ọnà ẹ̀ ò pọ̀.

Ó ku ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ìyẹn ni mi ò tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn. Férémù ibẹ̀ kì í ṣe onígun gbọọrọ, ó máa dagun tẹ̀ lé àtẹ̀gùn ni. Tí àtẹ̀gùn bá dagun ní dígírì 35, igun méjì férémù á jẹ́ 55, méjì á jẹ́ 125, ayùn á wá lọ sí 62.5 fún ti àkọ́kọ́ àti 27.5 fún ìkejì, àpótí ìgé oníke ò sì ní ojú ìgé ìkankan nínú méjèèjì. Bàbá wọn ti ń wo ayùn oníná lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun lè gé e. Ẹni kejì tó fi ajákù dán igun wò yẹn ni mo máa pè.