Agolo gáàsì tí wọ́n ní ó ń pa wisikí mọ́: ṣé ó tó owó ẹ̀ n'Ìbàdàn?

Agolo náà, tí wọ́n ń fín gáàsì inú rẹ̀ sínú ìgò tó ti ṣí kí afẹ́fẹ́ má baà ba ọtí jẹ́, ń ṣiṣẹ́. Mo ti kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹni tó ń kánjú lè bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìgò tó ti ṣí nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, díẹ̀ kín-ún ni mo rí tí agolo yìí wúlò fún ju ohun tí mo lè fi owó pọ́ọ́kú ṣe lọ. Owó agolo kan, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tó gbé e wá láti Èkó, lè ra odindi ìgò wisikí gidi, ó sì yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń náwó sí.

Èmi kì í ṣe ọ̀mùtí o. Bí ìgò ṣe ń pọ̀ nílé wa ni pé a ṣe ìgbéyàwó, wọ́n gbé e wá. Ẹni tí a bá ṣe ìṣílé ní Àkóbọ̀ náà tún dá ọpẹ́ padà nígbà Kérésì. Àna mi ò mu ju Jameson lọ, ó ní òun ni kì í ta òun lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọtí tí kò bá ní èéfín nínú, omi ni. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó mi ní tiwọn, Jack Daniel's pẹ̀lú kóòkì ni. Àlejò kọ̀ọ̀kan á ṣí tiẹ̀, á mu tọ́ọ̀tì méjì, á máa lọ. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ìgò tó ti ṣí á ti pọ̀ ju èyí tó ṣì wà ní dídé lọ.

Ṣé ọtí yẹn á bàjẹ́? Wisikí kì í kan bí ẹmu. Ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀ á ti yí ohùn padà kílẹ̀ tó ṣú, àmọ́ wisikí tí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọtí líle pọ́ńbélé, kòkòrò kankan ò lè gbé inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í dàgbà nínú ìgò. Nọ́ńbà 12 tó wà lára Glenfiddich tàbí Johnnie Walker Black Label, iye ọdún tó lò nínú àgbá igi óákù ni, wọ́n sì ń fi èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú gbogbo ohun tí wọ́n pò pọ̀ kà á. Òfin Skọ́tlándì ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́ta. Gbàrà tí wọ́n bá ti rọ ọ́ sínú ìgò, ọjọ́ orí ti dúró. Ẹni tó gbé ìgò pamọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tó wá ń pè é ní ọtí ogún ọdún, ẹ kàn máa wò ó.

Tí a bá ṣí ìdérí ni nǹkan méjì ń bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á wọlé, ọ́síjìn inú rẹ̀ á sì máa jẹ àwọn èròjà tó ń mú kí ọtí ta sánsán díẹ̀díẹ̀. Ọtí fúnra rẹ̀ náà á máa fẹ́ lọ sínú àyè òfìfo tó wà lókè, nígbàkígbà tí a bá sì ṣí ìgò, èyí tó ti fẹ́ lọ síbẹ̀ ń jáde. Ọtí èéfín lẹ ti máa tètè mọ̀ ọ́n. Àwọn bíi Laphroaig, Ardbeg àti Lagavulin láti erékùṣù Islay, tí wọ́n ń dáná píìtì (ilẹ̀ koríko jíjẹrà ni, wọ́n á gé e, wọ́n á sá a) láti fi èéfín rẹ̀ yan ọkà báálì, èéfín yẹn ló ń kọ́kọ́ dágbére.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra agolo lọ́wọ́ ẹnìkan l'Ékòó, ó fi í ránṣẹ́ sí mi ní gáréèjì Ìwó Road. Mo ti kọ́kọ́ ní kí àbúrò mi tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù bá mi mú un dání. Agolo tí wọ́n ki irú gáàsì bẹ́ẹ̀ sí kì í wọ bàálù, ẹ má da ẹnikẹ́ni láàmú. Nígbà tó dé, ìyàwó mi gbé e sókè, ó ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, pé òfìfo ni. Ó fúyẹ́ lóòótọ́! Gáàsì lásán ló wà níbẹ̀, kò sí omi kankan tó máa mì gbọlọ́gbọlọ́ nínú ẹ̀. Argon, nítrójìn àti káábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì ni wọ́n pò pọ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ń jẹ ọtí bí ọ́síjìn ṣe ń jẹ ẹ́. Argon wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Wíwúwo yẹn ni wọ́n fi ń polówó agolo náà.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ ki ọ̀pá tín-ín-rín tó bá a wá bọ ẹnu agolo, ẹ ti orí kejì bọ ọrùn ìgò kó fara ti ẹ̀gbẹ́, kí gáàsì má baà ru ọtí sókè. Ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan dáadáa, ẹ tún fín in ní kéékèèké bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì dé ìgò kíá. Kò ní òórùn, kò sì fi ìtọ́wò kankan sílẹ̀. Níbi tó dé yìí, mi ò rí nǹkan wí sí i.

Ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni mo ń bá jà. Wọ́n ní gáàsì náà á tẹ́ lórí ọtí, á bò ó mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní lè kàn án. Gáàsì kì í jókòó sójú kan. Láìpẹ́, ó wúwo o, kò wúwo o, á ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tó kù nínú ìgò. Ohun tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń lé afẹ́fẹ́ jáde, ọ́síjìn tó kù sílẹ̀ á wá kéré. Ìyẹn wúlò, tí ẹ ò bá tètè ṣí ìgò náà mọ́. Ẹ bu tọ́ọ̀tì 5cl kan péré, afẹ́fẹ́ 5cl ti wọlé láti gba àyè rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tún fín in. Ìgò tí àlejò ń ṣí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, agolo á tán kí ọtí tó tán. Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì ò lè ní kí ọtí má fẹ́ lọ. Iṣẹ́ ìdérí nìyẹn.

Mo dán an wò. Ọtí Islay kan tó ti dé ìdajì ni mo pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan wà nínú ìgò 70cl tirẹ̀, mo fín gáàsì sí i. Apá kejì wà nínú ìgò 70cl mìíràn tí mo fọ̀ tó gbẹ kanlẹ̀, mi ò fín nǹkankan sí i. Ẹ̀kẹta, mo rọ ọ́ sínú ìgò kékeré kan, ó kún dé ọrùn. Mo kó wọn pamọ́ nígbà ọyẹ́, mi ò kàn wọ́n títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí a kó wọn jáde, ìyàwó mi ló bu ú sínú ife, kò sì sọ èwo ni èwo fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tí kò ní gáàsì, a mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Èéfín ti relé, ó kàn ń dùn gbẹ̀rẹ̀ lẹ́nu bíi áápù tó ti pọ́n jù. Àwọn méjì tó kù la ò lè yà sọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀kan pé òun ló ní gáàsì, èmi mú èkejì, tèmi ló bọ́ sí i, ṣùgbọ́n oríire lásán ni. Mi ò lè fi búra.

Ibi tí mo ti rí i pé owó mi lè sinmi nìyẹn. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ìgò 70cl tó ku 20cl, afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ kò dín ní 50cl. Ọ́síjìn jẹ́ bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ó túmọ̀ sí pé ọ́síjìn tó ju 10cl lọ ló wà pẹ̀lú ọtí díẹ̀ yẹn. Ẹ rọ 20cl náà sínú ìgò 20cl, afẹ́fẹ́ tó máa kù ò tó nǹkan. Ìgò pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ta jíìnì dára púpọ̀ fún un, torí ìdérí onílílọ́ rẹ̀ ń mú ṣinṣin. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ dé kó gbẹ pátápátá, kí ẹ sì gbóòórùn ìdérí dáadáa, torí inú ìdérí ni òórùn jíìnì máa ń sá pamọ́ sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìlòkù lè ra tuntun lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìgò ní Ògùnpa. Èyí tó ní rọ́bà rírọ̀ lórí, irú tí wọ́n fi ń kán oògùn sójú, ẹ má rà á. Ọtí líle ń jẹ rọ́bà. Ìgò oníke náà, ẹ fi sílẹ̀ fún omi. Ẹ lẹ bébà mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ ọtí àti ọjọ́ tí ẹ rọ ọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn á dà bí ìkan náà lójú yín.

Ohun kan wà tí ìwé ìlò agolo náà ò dárúkọ rárá, bóyá torí pé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ kì í móoru tó tiwa: ooru. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹta, ọ̀sán Ìbàdàn lè gùn kọjá 34°C, yàrá tó wà lábẹ́ páànù tó sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn á tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru á mú kí afẹ́fẹ́ inú ìgò wú, ọtí náà á sì máa yára fẹ́ lọ, wọ́n á jọ máa ti kọ́ọ̀kì tó dí ẹnu ìgò sókè. Mo ti bá kọ́ọ̀kì níta ọrùn ìgò láàárọ̀ rí, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Tí NEPA bá wá mú iná dé, tí AC bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tó wú á tún sún kì, ìgò á fa afẹ́fẹ́ tuntun sínú. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, gáàsì tí ẹ fowó rà ti bá a jáde. Èmi ti kó tèmi kúrò ní pálọ̀ sí ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé, níbi tí ògiri kankan ò ti kan oòrùn. Mo mọ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù oníjígí ní pálọ̀ ló ń buyì kún ilé, ṣùgbọ́n oòrùn ojú fèrèsé máa ń pa àwọ̀ ọtí. Tí ẹ ò bá lè yẹra fún un, ẹ jẹ́ kí ìgò wà nínú páálí rẹ̀. Orí fíríìjì ló burú jù, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tú ooru sókè tọ̀sán-tòru. Inú fíríìjì ò pọn dandan. Ọtí mìíràn lè dojú rú tó bá tutù, kò sì sí ewu níbẹ̀.

Ìdérí ló kù. Ìgò wisikí gbọ́dọ̀ dúró ni, ẹ má tẹ́ ẹ sùn bíi wáìnì, torí ọtí líle máa ń jẹ kọ́ọ̀kì, kọ́ọ̀kì á wá rún. Àbúrò ìyàwó mi tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ló fi Parafilm hàn mí, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ẹnu ìgò àyẹ̀wò. Ẹ ó fà á títí á fi nà, ẹ ó wé e mọ́ ibi tí ìdérí àti ọrùn ìgò ti pàdé, á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ láìsí gọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá ṣí ìgò, ẹ ó wé òmíràn. Nínú gbogbo ohun tí mo rà tàbí tí wọ́n fún mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló tó owó rẹ̀ jù. Kọ́ọ̀kì ìgò tó bá tán, ẹ má dà á nù. Lọ́jọ́ tí ti òmíràn bá já sínú ọrùn ìgò, ẹ ó fi asẹ́ tíì sẹ́ ọtí yẹn, ẹ ó sì rí ìdérí tó máa bá a mu.

Ẹni tó ta agolo fún mi tún fẹ́ ta pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú ìgò wáìnì. Rárá. Òórùn tí a fẹ́ pa mọ́ gan-an ló máa bá afẹ́fẹ́ jáde. Ìgò kírísítà olówó ńlá náà, tábìlì ló wà fún. Ti àtijọ́ ní òjé nínú, ìdérí rẹ̀ kì í sì í dí dáadáa. Ẹ rọ èyí tí ẹ máa mu lálẹ́ yẹn sí i, kó tán síbẹ̀.

Ìgò tó bá ti ku ìdá kan nínú mẹ́ta, tí kò sì sí ìgò kékeré nílẹ̀, ẹ pe èèyàn. Kì í ṣe pé kí ẹ jókòó mu ún tán ní àmujù, ẹni tó máa wakọ̀ náà ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọtí èéfín pẹ̀lú sùúyà Sábó, tí ata rẹ̀ ṣì ń gbóná nínú bébà, á tán láàárín ìtàn méjì. Tọ́ọ̀tì kan tó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ àwọn ìgò tó kù, mo máa ń dà wọ́n pọ̀ sínú ìgò àdàlù kan. Ọtí èéfín nìkan ni mi ò kì í jẹ́ kó pọ̀ níbẹ̀, torí díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti bo gbogbo ìyókù. Àna mi mu àdàlù yẹn nígbà tó wá kẹ́yìn, ó bèèrè orúkọ rẹ̀ kó lè ra tiẹ̀.

Agolo gáàsì wá ńkọ́? Ìgò kan ṣoṣo ni mo ń lò ó fún báyìí: ọlọ́dún 18 tí bàbá mi fún wa, tí a ṣí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí wa, tí a kì í sì í bu ju lọ́jọ́ ìbí ọmọ náà lọ. Mi ò fẹ́ rọ ìyẹn kúrò nínú ìgò rẹ̀, a kì í ṣí i lemọ́lemọ́, Parafilm sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ìgò bẹ́ẹ̀, kó rà á. Èmi ò mọ iye tó kù nínú agolo tèmi, torí bó ṣe fúyẹ́ nígbà tó kún náà ló fúyẹ́ títí di òní. Tó bá tán, mi ò ní ra òmíràn àfi tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀.