Ẹ ṣọ́ra o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra rọ́bà ilẹ̀kùn mọ́tò ní Ifẹ̀!

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó lọ ra rọ́bà ilẹ̀kùn mọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. ₦38,000 ni wọ́n fi lù mí ní jìbìtì, wọ́n sì tún gbàdúrà lé e.

Camry 1999 ni mọ́tò mi, bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀ ti gbẹ, ó ti sán, ó ti súnkì ní kọ̀rọ̀, tí mo bá ti bọ́ sójú ọ̀nà Iléṣà báyìí atẹ́gùn á máa fọn fèrè sí mi létí, tójò bá sì rọ̀ omi á máa kán sí mi lórúnkún. Mẹkáníìkì mi ló ní òun mọ bàbá kan, pé èèyàn Ọlọ́run ni, ojúlówó tòkunbọ̀ ló ń tà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn o, èèyàn Ọlọ́run.

Aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ la débẹ̀, kò síná, bàbá yẹn tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀. Ó fa rọ́bà mẹ́rin yọ nínú ọ̀rá, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wọ́n nínú epo. Ó ní Bẹ́ljíọ̀m ni wọ́n ti wá. Mo gbóòórùn póólíìṣì. Mo búra fún yín, mo gbóòórùn ẹ̀! Mo kàn rò pé bàtà ẹnì kan ni. Ó pè é ní ₦45,000, mo ná an dé ₦38,000, ó ní mi ò ní fi mọ́tò náà ṣàgbákò, mo ṣe àmín, mo ṣe tíránsífà, mi ò gba rìsíìtì. Mi ò gba rìsíìtì! Ta ló máa ń béèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ń gbàdúrà fún un?

Sátidé tó tẹ̀lé e la lọ ìnáwó ní Iléṣà. Màmá mi wọ léèsì funfun. Gẹ́rẹ́ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì, apá aṣọ wọn títí dé ìbàdí ti dúdú, bí ìgbà tí èèyàn fi èédú fà á. Màmá ò bá mi wí. Wọ́n kàn fi ìborùn bo ibẹ̀, wọ́n jókòó sígun kan títí gbogbo ẹ̀ fi parí, wọn ò dìde jó lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn dùn mí ju owó lọ.

Mo wá fi háńkáṣíìfù gbo rọ́bà yẹn. Póólíìṣì bàtà ló ń ṣí kúrò lára ẹ̀! Abẹ́ ẹ̀ funfun, ó sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi gìgísẹ̀ nígbà ọyẹ́. Rọ́bà tó ti kú, tó gbó ju tèmi tí mo ní kí wọ́n já sọnù! Méjì tẹ̀yìn kì í tiẹ̀ ṣe ti Camry, wọ́n gé e níbi tó ti gùn jù, wọ́n fi gọ́ọ̀mù so ó nísàlẹ̀. Ojú ìsopọ̀ yẹn lòjò gbà wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fóòmù abẹ́ rọ́ọ̀gì fà á mu bíi kànrìnkàn, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta mọ́tò ti ń rùn bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọn ò sá. Bómi yẹn bá pẹ́ níbẹ̀, ìpáàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ mọ́tò.

Mo padà lọ bá bàbá tó tà á. Ó ní òun ò mọ̀ mí rí! Ìgbà tí mo fi álẹ́ẹ̀tì hàn án ló wá ní mẹkáníìkì mi ni ò mọ̀ ọ́n dè. Mẹkáníìkì ní ẹni tó tà á ni kí n lọ bá. Èmi o, àwọn méjèèjì ló jọ pín owó yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ẹ má sì bi mí pé ṣé mi ò lójú ni. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹni tí mo fọkàn tán ló mú mi lọ, kí ni kí n tún wá ṣe? Àmọ́ ó yẹ kí n fi èékánná ha á. Ó yẹ kí n ha á.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Ẹ fìka tẹ̀ ẹ́, tó bá ṣì dáa á wú padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú tàtijọ́ dání kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Tí wọ́n bá dè é tán, ẹ fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ fà á, tó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ omi náà á wọlé. Ẹ gba rìsíìtì. Èmi ò gbà pé olóòótọ́ kan ṣẹ́kù nínú gbogbo àwọn tó ń ta páàtì nílùú yìí, àtàwọn tó ń kó o wá fún wọn láti Ládìpọ̀, ọjà páàtì mọ́tò l'Ékòó.

Léèsì màmá mi ti dé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àbàwọ́n yẹn ò lọ. Mọ́tò wà lábẹ́ igi máńgòrò, mo fi tápólì bò ó. Òjò ti ń ṣú lápá Mòdákẹ́kẹ́ báyìí, ẹ jẹ́ n lọ so okùn ẹ̀ kó le.