Ilé síkáànù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹni tó ń ka àwòrán ni mo sanwó fún

Ẹ mú súwẹ́tà dání bí ẹ bá ń lọ, otútù yàrá ẹ̀rọ CT wọn, ẹ̀rọ síkáànù tó ń ya inú ara ju X-ray lọ, kọjá sísọ. Àga ọ̀ọ̀dẹ̀ wọn le, owó wọn sì ga. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má wulẹ̀ nájà, wọn ò ní já kọ́bọ̀ kan.

Síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni màá tún lọ.

Bùrọ̀dá mi ń la pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n mu sìgá pẹ́ kí wọ́n tó jáwọ́. Ikọ́ dé, wọ́n ń rù, wọ́n ń làágùn lóru. X-ray gbé nǹkan funfun kan jáde lókè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún. Dókítà ní ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, pé àwọn méjèèjì máa ń jọra lójú X-ray. Láti ìgbà náà ni ìyàwó wọn ò ti rí oorun sùn.

Èsì àyẹ̀wò kíndìnrín ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wa, torí oògùn tí wọ́n ń fà síni níṣan kí àwòrán lè hàn. Ẹ ṣe é sílẹ̀ kí wọ́n má baà dá yín padà. Àwòrán gan-an ò pẹ́ rárá: "Ẹ mí sínú, ẹ dá a dúró," ó ti tán.

Dókítà tó ka àwòrán, obìnrin ni, ló pè wá wọlé. Mi ò rí irú ẹ̀ níbòmíràn. Ó fi ihò kan hàn wá nínú nǹkan funfun yẹn, ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó ní ká ní ó nípọn ju mílímítà 15 lọ ni, jẹjẹrẹ ni ìbá kọ́kọ́ wá sọ́kàn òun. Àwọn àmì tíntìntín tún wà nítòsí rẹ̀, bí ẹ̀ka igi tó ń rúwé. Bùrọ̀dá, onígi, rẹ́rìn-ín. Dókítà ní bí àrùn tó ń gba ọ̀nà atẹ́gùn ràn ṣe máa ń rí nìyẹn.

Mo ní, "Dókítà, kì í ṣe jẹjẹrẹ nìyẹn, àbí?"

"Àǹtí, àwòrán ò lè búra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀."

Mo bi í nípa PET, síkáànù mìíràn tí jẹjẹrẹ máa ń tàn nínú àwòrán rẹ̀, tí àbúrò wa tó wà lókè òkun ń pariwo. Ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ náà máa ń tàn níbẹ̀ bíi jẹjẹrẹ, ká fi owó wa pamọ́. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà?

Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GeneXpert rí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Oògùn oṣù mẹ́fà, ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba. Dókítà náà ti kọ ọ́ sínú èsì pé ká tún yàwòrán lẹ́yìn oògùn, torí àrùn méjèèjì lè jọ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró kan.

Ẹ béèrè síídì àwòrán yín kí ẹ tó kúrò. Bí ẹ ò bá béèrè, wọn ò ní fún yín.